Báwo Ni Kí N Ṣe Kí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù Látorí Kẹ̀kẹ́?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, màámi ti fi ẹ̀wọ̀n de kẹ̀kẹ́ mi mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ní àfi tí mo bá kọ́kọ́ kọ́ ìwà. Èmi! Èmi tí kò sí àgbà tí mi ò kí rí ní gbogbo àdúgbò wa n'Ígàndó! Kí ni mo ṣe? Ẹ jókòó kí n rò fún yín, kẹ́ ẹ bá mi dá a. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe Màrúwá.

Eré ni mò ń sá tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ẹgbẹ́dá, màá ti sáré dé Ìkọ̀tún, màá ti padà. Àsìkò yẹn nìkan ló jẹ́ tèmi lójúmọ́. Ìyókù, ti oníbàárà ni, ti màámi ni. Àfi bí orúnkún ọ̀tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tí mi ò bá fi eré sísá sílẹ̀, ọ̀pá ni màá fi máa rìn kí n tó dàgbà. Mo sunkún bí ẹni tọ́kọ kọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n mo lè gun kẹ̀kẹ́, ìyẹn ò ní ni orúnkún lára.

Rónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá káàkiri orí àpáta, ló ní òun á kọ́ mi. Kò sí òkè nítòsí wa, ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá ti sọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa di nǹkan míì: ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta lọ́tùn-ún, gbòǹgbò máńgòrò lósì, kòtò láàárín. Mo rò pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì látàárọ̀ ò lè bẹ̀rù pẹ́dà. Irọ́ ni! Ẹni tó ti ń sáré rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti gbọ̀n báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti balẹ̀, màá gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, màá sá sọ̀ kalẹ̀. Rónkẹ́ á wá máa pariwo: “Ṣé ìwọ lò ń gùn ún ni, àbí òun ló ń gùn ẹ́? Dókítà ní kó o má sáré, o tún wá rẹrù lé e!” Ó ní kí n dìde dúró lórí pẹ́dà, kí n máa rọra fa bíréèkì, kí n gbójú síbi tí mò ń lọ. “Ibi tójú ẹ bá lọ, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ.”

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà yẹn gan-an ni Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wa máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, tí wọ́n á máa ṣọ́ bulọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ṣé màá rí àgbà kí n má kí wọn ni? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọjá gbòǹgbò láì fẹsẹ̀ balẹ̀, mo wojú bàbá, mo yọwọ́ kan, mo tẹ orúnkún díẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ s—” Kẹ̀kẹ́ ò jẹ́ kí n parí ẹ. Ó gbé mi sáàárín bulọ́ọ̀kù tútù! Bàbá gbọn sìmẹ́ǹtì kúrò lára jalàbíà wọn: “Ọmọ yìí, ṣé kíkí lo wá kí mi ni, àbí o wá bá mi mọ bulọ́ọ̀kù?” Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan náà. Ó wá di pé tí wọ́n bá ti rí mi lókè, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Rónkẹ́ bínú: “O ò ní kí ẹnikẹ́ni látorí kẹ̀kẹ́ mọ́! Tó o bá sọ̀ kalẹ̀ tán, kó o wá kúnlẹ̀ bó bá wù ẹ́!” Mo gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo kọjá òkúta, mo kọjá gbòǹgbò, mo gbójú sọ́nà, mo gba iwájú bàbá kọjá fìrì. Mi ò ṣubú! Orúnkún ò dùn mí! Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi létí bíi ti ìgbà eré, àfi bíi pé wọ́n dá àárọ̀ mi padà fún mi. Ojú ẹsẹ̀ ni mo padà o, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún wíwú náà. Kí ni bàbá wí? “Lẹ́yìn tó o ti kọjá? Ṣé òkú ni mí nígbà tó ò ń kọjá ni?” Wọ́n dìde, ó di ọ̀dọ̀ màámi: “Èyí tó ń ba bulọ́ọ̀kù mi jẹ́, mo fara mọ́ ọn, ó ṣáà kí mi. Èyí tó rí mi tó ṣe bí ẹni rí òpó, mi ò gbà.”

Ẹ wò ó, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tí mo bá kí wọn, mo ṣubú. Tí mi ò bá kí wọn, mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Màámi ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn? Rónkẹ́ ní kí n wá ọ̀nà míì. Ọ̀nà wo n'Ígàndó ni kò lágbà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu lásán ò tó kí àgbà ni? Ṣé kí n máa kígbe ìkíni látòkè kí n tó gbéra ni, àbí kí lẹ rí sí i? Ẹ tètè bá mi wá nǹkan ṣe jàre. Láàárọ̀ yìí, mo jí, mi ò rí kẹ̀kẹ́. Bàtà eré mi ni mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti wọ ọ̀kan, mo ti so okùn rẹ̀.