Ẹ̀rọ Aago Ladánì Ló Wà Lọ́wọ́ Mi

Èmi Tóyọ̀sí, tí mò ń ta aago ọwọ́ tí mo sì ń tún un ṣe níwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Ọ̀tùn, ni mo jí ẹ̀rọ inú aago Bàbá Bùràímọ̀, ladánì tó ń pe ìrun fún wa, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò pé ojú wọn ló bàjẹ́. Ọdún méjì ni mo fi gbé e mì. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ má bá mi pè é ní àṣìṣe, olè ni.

Iṣẹ́ mi kò tì mí lójú. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń tú aago títí ó fi yé mi. Màá ra òkú aago ní Ìlọrin, màá nu ojú rẹ̀, màá pààrọ̀ okùn rẹ̀, ẹni tó ní owó táṣẹ́rẹ́ á sì gbé ẹwà kúrò ní ìsọ̀ mi. Mo ṣì ń sọ ọ́: kò dìgbà téèyàn bá lówó kó tó ṣe afẹ́. Àmọ́ aago ẹlòmíràn ni mo fi ṣe tèmi.

Mo rí aago pẹlẹbẹ kan rà, ojú rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ bíi wúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, nínú ààwẹ̀, ni Bàbá gbé aago tí wọ́n rà ní Mẹ́kà wá kí n fọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ bá tèmi mu. Mo yọ ọ́ sínú tèmi, mo fi ọ̀kan tó ń sáré sí tiwọn, ìṣẹ́jú méjì lójúmọ́. Mo mọ̀. Bàbá gbé e sétí, wọ́n ní, "Uṣẹ́ rẹ dára, ọmọ mi." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Gbogbo wa la ní fóònù, àmọ́ aago Bàbá ni àdúgbò fi ń ṣínu láti ogún ọdún. Ní ọjọ́ kẹrin tí Bàbá gba aago wọn padà, òjò ṣú, a kò rí oòrùn. Bàbá wo aago, wọ́n pe ìrun, àwọn èèyàn ki dàbínù bọnu. Wọn kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ìkùukùu fi ṣí. Oòrùn ń wò wọ́n.

Mùsílíù alápatà pariwo: "Bàbá, ṣé ebi tiyín ju tiwa lọ ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi: "Ìyá Oníaago, kí ni tìrẹ wí?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo wo ọwọ́ mi, ẹ̀rọ Bàbá gan-an ni mo wò, mo ní, "Ó ku ìṣẹ́jú méje." Lẹ́yìn náà mo fa apá bùbá bò ó.

Lèmọ́mù ní kí gbogbo ẹni tó ti ṣínu san ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà. Kò sẹ́ni tó lé Bàbá. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n sọ pé, "Ojú mi kò ríran mọ́. Ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo lọ bá wọn nílé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí pé:

"Ṣé ojú mi kọ́?"

"Ojú yín kọ́, Bàbá. Èmi ni. Ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́. Lọ sọ fún wọn."

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ rèé, kí Mùsílíù náà lè kà á. Mo ti dá ẹ̀rọ padà sínú aago wọn, ó ń lọ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń pe ìrun báyìí. Bàbá gbìyànjú ohùn wọn wò níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, ohùn tó jí wa fún ogún ọdún. Ikọ́ ló jáde.