Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Alhaja

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbé e ga sí i, torí ohùn tèmi ò jáde dáadáa láti ọjọ́ yìí.

Fọlákẹ́ lorúkọ mi. Ọ̀pọ̀ yín ń pè mí ní dókítà, ẹ sì ń béèrè oògùn ibà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ abẹ́rẹ́ gún o. Ìwé ni mo kà tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀kọ́ ìwádìí ni mo sì ń kọ́ lé e lórí báyìí, nípa ìlera àwọn ará àdúgbò nínú ìlú ńlá bí Èkó. À ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Pápá Àjàó, à ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn èèyàn. Ilé tí a bá fẹ́ wọ̀, a ó kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sára ògiri rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀kì ni kí n fi kọ ọ́. Òjò ń fọ ṣọ́ọ̀kì dànù. Èmi ọlọ́gbọ́n bá lọ ra ọ̀dà pupa.

Ará Èkó ni gbogbo wa. Ẹ mọ ohun tí ọ̀dà pupa ń sọ lára ilé. Èmi tí wọ́n bí sí Sùúrùlérè, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Alhaja kan wà níbẹ̀, opó ni. Ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ yẹn nìkan ló ní. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rí ọ̀dà pupa lára ògiri, ó rò pé ìjọba ń bọ̀ wá wó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù síta fúnra rẹ̀. Àpótí kejì ló gbé tó fi ṣubú lulẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin gba nọ́ńbà fóònù mi lọ́wọ́ aládùúgbò kan tí a ti wọ ilé rẹ̀, ó pè mí. Kò pariwo. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ti fi ọ̀dà yín pa ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo dé ọsibítù, Alhaja ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga tipẹ́, òun gan-an ò mọ̀, ìpayà yìí ló wá ṣe é léṣe, ká máa wo ọwọ́ Ọlọ́run. Ọ̀gá mi pè, ó ní bí màmá yìí bá kú, kí n kó ìwé mi, ẹ̀kọ́ mi ti parí nìyẹn.

Ẹ gbọ́, mi ò sunkún. Ara mi kàn kú. Mo ń jẹun, mi ò mọ adùn ọbẹ̀. Ìyá Ìjọ wá bá mi gbàdúrà nílé, mo ń ṣe àmín, ẹnu lásán ni. Ìyá, ẹ forí jì mí.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ jókòó ti Alhaja. Mi ò lè gbàdúrà, mo kàn ń jókòó. Àbúrò rẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lé mi. Ọjọ́ kejìlá ni Alhaja lajú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n ti wó ilé mi?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Rárá mà. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín la fẹ́ wá wọ̀n. Ẹ dárí jì mí.”

Ó na apá rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí mi. Ó ní, “Ó dáa. Wọ̀n ọ́n.”

Mo wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Mi ò rí nọ́ńbà tó gbé wá, torí omi ti kún ojú mi. Nọ́ọ̀sì ló bá mi kà á. Ó ti wálẹ̀. Olúwa, ẹ ṣé. Bàbá, ẹ ṣeun.

Ọ̀pá ni Alhaja fi ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n inú ilé rẹ̀ ló ti ń rìn ín. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fọ ọ̀dà yẹn kúrò. Ọ̀gá mi ti ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Alhaja ní òun ti dúpẹ́ ní mọ́ṣáláṣí tòun, kí n lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi. Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín.

Ẹ̀yin tí ara yín kú bíi tèmi, tí àmín yín ń jáde lẹ́nu lásán, ẹ ṣáà máa ṣe é. Ọlọ́run ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ara tèmi ò tíì sọjí tán. Èyí tó ti sọjí níbẹ̀ ni mo kó wá dúpẹ́.