Ìwé Tí Ṣìkẹ́mi Kò Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Nomin

Òtítọ́ tí Ṣìkẹ́mi Dáramọ́lá gbé mì fún ọdún mẹ́sàn-án, ojú gbogbo ìjọ ló ti pọ̀ ọ́ jáde, ní ọjọ́ Àìkú kan ní Snellville, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n pè é síwájú pé kó wá súre fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí Mòǹgólíà. Nọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó bá ẹgbẹ́ ìwòsàn ìjọ náà dé ilẹ̀ àwọn darandaran yẹn, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tí Pásítọ̀ Olúwakóredé ìbá pè. Ọmọ Ṣìkẹ́mi kan ṣoṣo, Tèmi, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, wà lára àwọn tó ń lọ. Ṣìkẹ́mi gba máìkì, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti parọ́ fún yín. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, inú irọ́ mi ni ọmọ mi máa rìn lọ."

Nínú ilé ìsìn náà, tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún èékánná ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ṣìkẹ́mi ní kí wọ́n rántí ìtàn ọmọdébìnrin tó kú sí òun lọ́wọ́, ìtàn tí wọ́n máa ń sunkún sí lọ́dọọdún. Ọmọ náà kú lóòótọ́. Ohun tó pa á ni òun kò sọ rí.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mọ́tò méjì ni ẹgbẹ́ ìwòsàn náà fi la Mòǹgólíà kọjá. Kò sí ọ̀nà, kò sí igi; koríko àti ojú ọ̀run nìkan ni. Ó lè tó ìdajì ọjọ́ kí wọ́n tó rí àgọ́ kan, roboto, funfun, tí wọ́n fi irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bò. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kì í pẹ́ níbì kan. Bí koríko bá ti tán lójú kan, wọ́n á tú àgọ́, wọ́n á dì í ru ràkúnmí, wọ́n á da agbo ẹran wọn síwájú. Àlejò kì í kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ wọn. Wíwọlé ni yóò kàn wọlé, wọn a sì ti bu tíì oníwàrà oníyọ̀ fún un kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ṣìkẹ́mi fẹ́ràn wọn. Ìyẹn gan-an ló tún ń dùn ún jù.

Ní ọjọ́ kẹfà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Oyuna gbé ọmọ rẹ̀ dé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gun ẹṣin fún ọjọ́ méjì gbáko. Nomin ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń wúkọ́ kíkankíkan. Dókítà Akínfẹ́mi, olórí ẹgbẹ́, ti gbé mọ́tò kan lọ sí àgọ́ mìíràn, inú mọ́tò yẹn sì ni oògùn pàjáwìrì wà. Bolor, ọmọbìnrin ibẹ̀ tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, ti lọ pọn omi.

"Ó yẹ kí n dúró," Ṣìkẹ́mi wí fún ìjọ. "Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí n dúró de ògbufọ̀, kí n bi ìyá bóyá oògùn kan wà tí ara ọmọ kì í gbà. Àìsàn ọmọ yẹn kì í ṣe èyí tí kò lè ní sùúrù fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ti rẹ̀ mí ni. Èrò ṣì tò sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n tán. Ẹ ò rí ìwà mi?"

Bí ó ti ń fa pẹnisílìn sínú abẹ́rẹ́, Oyuna na ìwé pélébé kan sí i, èyí tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ. Ṣìkẹ́mi kò lè kà á. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ lọ́rùn, ó ranjú, ó nawọ́ sí ọmọ, ó tún na ìwé náà. Ṣìkẹ́mi rò pé ó ń sọ pé ọ̀fun ń dun ọmọ ni. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó rọra ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Okay, Mama, okay," ó sì gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ètè Nomin wú, ojú rẹ̀ wú, èémí há a lọ́fun. Ṣìkẹ́mi tẹ àyà rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń ké pe Dókítà. Nígbà tí mọ́tò kejì yóò fi dé, ọmọ ti lọ.

Bolor, tó ti pọn omi dé, ló mú ìwé náà nílẹ̀. Ó kà á, ó kọjú sí Ṣìkẹ́mi. "Aunty, ilé ìwòsàn ló kọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ yìí ní pẹnisílìn láéláé."

Dókítà Akínfẹ́mi fa àwọn méjèèjì sẹ́yìn mọ́tò. "Aunty Ṣìkẹ́mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ ò lè jí mọ́. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, license yín lọ nìyẹn, tèmi náà lọ. Wọn ò ní jẹ́ ká tún wọ ilẹ̀ yìí. Àwọn tó kù tí a fẹ́ tọ́jú ńkọ́?" Ó kọjú sí Bolor. "Àìsàn àyà ló pa á. Ohun tí wàá sọ fún wọn nìyẹn." Bolor sorí kọ́. Ṣìkẹ́mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi í sápò.

"Dókítà ló sọ̀rọ̀," ó wí fún ìjọ, "ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ká ìwé. Ẹ má gbé ẹ̀bi mi rù ú. Mo sì rò nígbà yẹn pé mo ti ṣe èyí tó burú jù. N kò tíì ṣe é."

Oyuna jókòó ti òkú ọmọ rẹ̀, ó ń fi ìka ya irun rẹ̀. Kò sunkún. Ó bi Bolor ní nǹkan kan. Bolor wo Ṣìkẹ́mi. Ìyá náà tún bi í.

"Kí ló wí?" Ṣìkẹ́mi béèrè.

"Ó ní ọjọ́ tí ara ọmọ kọ́kọ́ gbóná ni ọkọ òun ti ní kí àwọn máa bọ̀. Òun ìyá ló ní kí àwọn dúró, torí àwọn àgùntàn ń bímọ lọ́wọ́." Omi ń dà lójú Bolor. "Ó ní ṣé torí pé òun pẹ́ jù ni ọmọ fi kú?"

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ṣìkẹ́mi wo ojú ìyá náà, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkọ náà wo ìyàwó rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mọ́tò wọn ti ń lọ, Oyuna gbé abọ́ wàrà jáde, ó ń fi ṣíbí igi wọ́n ọn tẹ̀lé wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń súre fún arìnrìn-àjò níbẹ̀. "Ó súre fún mi," Ṣìkẹ́mi wí.

Dókítà Akínfẹ́mi dìde lórí àga iwájú nínú ìjọ. "Aunty, ó tó. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti jókòó fún ọdún mẹ́sàn-án, Dókítà."

Ó wá sọ ohun tó mú òun sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Bolor, tó ti di olùkọ́ báyìí, kọ̀wé sí i lórí WhatsApp. Ọkọ Oyuna ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń ṣí kiri bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n Oyuna kò bá wọn lọ mọ́. Ó pa àgọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan, òun àti ọmọkùnrin tó kù fún un, òjò, ẹ̀ẹ̀rùn, yìnyín. Ó ní òun kò tún ní pẹ́ kí òun tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn mọ́ láé. Bolor kò bú Ṣìkẹ́mi. Ó kàn ní, "Aunty, mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀."

Ṣìkẹ́mi yọ ìwé náà nínú báàgì, ó gbé e sókè, yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣí. "Ẹ dárí jì mí tí ẹ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù."

Tèmi ti ń gba àárín àga jáde. "Mummy, all these years?" Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní McDonough ló lọ sùn, kò sì gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Ṣìkẹ́mi jókòó ní kíṣìnnì rẹ̀, ó pe Bolor lórí fídíò fóònù; Bolor ti wà nínú àgọ́ Oyuna, ó sì gbé fóònù fún un. Obìnrin náà ti hewú. Ṣìkẹ́mi sọ gbogbo rẹ̀, Bolor ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Oyuna kò bú u, kò sì ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, ó bi í léèrè ohun kan.

"Ó ní, tí ẹ bá dúró, tí ẹ fún un ní oògùn mìíràn, ṣé ọmọ òun ìbá yè?"

"Ìbá yè," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Ìyá Nomin, ẹ kò pẹ́. Ẹ tètè dé. Èmi ni."

Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Òrùlé àgọ́ nìkan ni Ṣìkẹ́mi ń rí, ó sì ń gbọ́ igbe tí Oyuna kò ké ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Orúkọ kan ló ń pè léraléra. "Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń pè," Bolor wí, ó sì pa fóònù náà.

Ṣìkẹ́mi fi ìwé náà ránṣẹ́ padà sí ẹni tó ni ín. Ó kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ sí àwọn tó fún un ní license nọ́ọ̀sì, ó sì ń dúró de ìdájọ́ wọn. Lẹ́yìn oṣù kan, Bolor kọ ìlà méjì sí i: Oyuna ti tú àgọ́ rẹ̀, ó ti bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí pápá òkè. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ sí Ṣìkẹ́mi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Tèmi máa wọ bàálù lọ sí Mòǹgólíà, ó yà wá sí ilé ìyá rẹ̀ ní Snellville. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. "Mummy, ẹ̀rù ń bà mí. What if èmi náà ṣe mistake?"

"Wàá ṣe é," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Kò sí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n sọ fún ìyá ọmọ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ lù ọ́ pa. Abẹ́rẹ́ ni mo fi pa Nomin, àṣìṣe ni. Tèmi, irọ́ ni mo fi pa ìyá rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe."

Tèmi wò ó títí. Kò dì mọ́ ọn. Ó fi orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré, ó ní, "Ó dàbọ̀, Mummy," ó sì jáde lọ síbi mọ́tò.