Igi Fúrúùtù Iwájú Fèrèsé Mi

Ẹ má tíì gbé ṣọ́bìrì yẹn lé mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ní èmi ni mo pẹ́ jù nínú ẹ́sítéètì yìí, ẹ ní ọwọ́ àgbà ló yẹ kó gbin igi tuntun. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Láti oṣù tó kọjá tí wọ́n ti la ikùn mi nílé ìwòsàn ni mo ti mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ gbé àṣírí rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ.

Láti àárọ̀ lẹ ti ń rántí igi fúrúùtù wa, òtítọ́ sì lẹ̀ ń sọ. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń pín ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì fún ara wa. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń parí ìjà lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ tán ní Sátidé ìmọ́tótó. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, abẹ́ igi yẹn ló ti ń jẹun, a kì í bi í pé Mùsùlùmí ni àbí Kìrìsìtẹ́nì. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní omi aró Ìyá Qonitah ló pa á. Irọ́ ni. Èmi Ìyá Adéolú ni mo pa á.

Ẹ rántí pé nígbà yẹn, gbogbo àwa tó wà nísàlẹ̀ ló ń fọ́ fèrèsé, tí a ń sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Igi náà dúró gbọnin níwájú fèrèsé tèmi. Mo bẹ alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Julius, kí wọ́n jẹ́ kí n gé e. Wọ́n ní igi gbogbo wa ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ojúkòkòrò kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn. Mo ra omi bátìrì lọ́wọ́ àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe ní àdúgbò Command. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, tí àwọn kan wà ní mọ́sáláṣí, tí àwọn yòókù wà níbi iṣẹ́, mo walẹ̀ nídìí igi, mo dà á sí i. Mo tún un ṣe títí ewé fi ń rẹ̀ dànù. Títí dòní ojú ń tì mí pé ní gbogbo ìgbà yẹn, abẹ́ rẹ̀ náà ni mo ṣì ń jókòó sí gba atẹ́gùn.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá ṣe é gbọ́. Nígbà tí igi gbẹ, ẹ dì í lé Sìdíkátù, Ìyá Qonitah, lórí, nítorí pé aṣọ àdìrẹ ló ń rẹ. Ẹ pe ìpàdé. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi Ìyá Adéolú. Fèrèsé wọn ló kọjú síbẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí mo ń da omi aró mi sí."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tó bá rẹ aṣọ tán, gọ́tà ńlá lẹ́yìn géètì ló ń ru omi náà lọ, ó ní kí kọ́sítíìkì tó wà nínú aró má baà jẹ gbòǹgbò igi wa. Mo ti bá a ṣí géètì rí. Èmi tí mo ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ìdí igi ló ń dà á sí. Mo rí i."

Kò bá mi jà. Ẹ ní kó má rẹ aṣọ mọ́ níhìn-ín, aró sì ni oúnjẹ òun àti ọmọ rẹ̀. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti kẹ́rù lọ sí Ìgàndó. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ sì ń ra súgà lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀. Kí n tó lanu, ó ní, "Ìyá Adéolú, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ aṣọ, mo rí bí omi bátìrì ṣe jẹ ìró yín lu. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo ní kí wọ́n bi yín kí ẹ lè fẹnu ara yín sọ ọ́ ni."

Mo sunkún. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo parọ́ fún, kí n lọ bá àwọn tó gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin ni mo wá bá yìí. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá pè yín ṣe ẹlẹ́rìí ti fi ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ihò igi rèé, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ bẹ Ìyá Qonitah ní Ìgàndó, ẹ̀yin náà, torí pé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, kò sẹ́ni tó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá gbà láti wá, kí ọwọ́ rẹ̀ gbin igi yìí. Bó bá kọ̀, ẹ má dí ihò náà. Ẹ jẹ́ kí n máa rí i láti ṣọ́ọ̀bù mi.