Fọ́ọ̀mù Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Bá Ọmọ Mi Fọwọ́ Sí

Mo parọ́ mọ́ ọmọ tí mo fi inú mi bí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yí yín lórí, ẹ̀yin òǹkàwé, n kò sì ní wá àwáwí kankan. Mo sọ pé ọkùnrin kan ń tan ọmọ mi jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkùnrin níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wa, èmi tí mo máa ń fìyà jẹ ọmọ ilé ìwé nítorí irọ́ pẹ́ńsùlù lásán, èmi ni mo jókòó níwájú olùkọ́ yunifásítì tí mo hun irọ́ bí ẹni hun ẹní. Nítorí irọ́ yẹn ni ọmọ mi ṣe wọnú ìdánwò tó mọ̀ pé òun kò lè yege, ó sì ṣubú. Bí mo ti ń kọ èyí, n kò mọ̀ bóyá yunifásítì yóò fún un láyè mìíràn tàbí wọn yóò ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ gbọ́ bí mo ṣe débí.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Àwọn òbí mi kò rán mi lọ sílé ìwé rárá. Ilé ọkọ ni mo wà, mo ti bímọ méjì, mo ń ta aṣọ ọmọdé ní Sapele Road ní Benin, kí n tó wọ ilé ìwé àwọn àgbàlagbà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Àga tí wọ́n fún wa kéré, orúnkún mi ń kan tábìlì. Àwọn oníbàárà mi ń fi mí ṣẹ̀sín pé, “Madam, you wan turn lawyer?” Ẹ̀yìn páálí aṣọ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo rí ṣe, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké títí di òní ní ilé ìwé kan ní Ekenwan Road. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé kò sí ẹ̀kọ́ tó le láyé yìí, àfi ọ̀lẹ. Ìgbàgbọ́ yẹn ló gbé mi dìde. Òun náà ló sọ ọkàn mi di òkúta.

Ní ìjọ wa, níbi tí àwa Yorùbá tí a wà ní Benin ti ń rí ara wa bí ọmọ ìyá, èmi ni mo dá àṣà kan sílẹ̀. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá wọ yunifásítì, ìyá rẹ̀ yóò mú un jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò kéde ohun tí ọmọ náà ń lọ kọ́. Láti ọjọ́ náà, orúkọ iṣẹ́ ọ̀hún ni gbogbo wa yóò máa pè é: Lọ́yà, Ẹnjiníà. Mo ní kí ọmọ lè mọ̀ pé ojú ń wo òun ni. Ìgbà tí ọmọ Ìyá Kọ́lá fi ẹ̀kọ́ ẹnjiníà sílẹ̀ tó lọ kọ́ orin, mo ní dandan ni kí ìyá rẹ̀ jáde síwájú ìjọ, nítorí ẹnu tó kéde ló gbọ́dọ̀ tú u. Obìnrin náà sunkún títí. Mo ní ẹkún rẹ̀ yóò kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fèyíṣayọ̀, àbíkẹ́yìn mi, wọ ẹ̀ka ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ dókítà. Ẹ̀yin ìbá rí mi lọ́jọ́ tí mo mú un jáde! “Dókítà wa!” ni gbogbo ilé ń hó. Ọmọ náà ń wo bàtà rẹ̀.

Ekosodin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí yunifásítì, ló ń gbé, nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wá sílé, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó tì mí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń fèsì, bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú yìí.

“Mummy, this chemistry, I no fit. I don try.”

“Ta ló ní o kò lè ṣe é? Ìwọ tí o gba A ní girama?”

“Na cram I cram am.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “And doctor work sef, blood dey turn my belle. Na map I like.”

“Máàpù? Ṣé o fẹ́ máa júwe ọ̀nà fún àwọn awakọ̀ ni?”

Kò bínú. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ tó bá wù ú. Bí òun bá yọ kúrò nínú kẹ́mísìrì náà, iṣẹ́ dókítà ti parí, ṣùgbọ́n òun yóò gba ẹ̀kọ́ mìíràn dípò rẹ̀, òun yóò sì bọ́ sí ẹ̀ka Jọ́gíráfì lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí àbàwọ́n. Bí òun bá dúró tí òun sì kùnà, iṣẹ́ dókítà lọ, Jọ́gíráfì náà lè má gba òun mọ́. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú báàgì rẹ̀. Ìbuwọ́lù olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ wọn nìkan ló kù. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ náà kò nílò mi rárá. Ó lè ṣe é kí n má tilẹ̀ mọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ló gbé e wá sọ fún mi, ohun tó sì jèrè níbẹ̀ ni irọ́ tí mo pa mọ́ ọn.

Mo ní kó padà lọ kàwé. Èmi tí mo kọ́ ìwé kíkà nígbà tí irun funfun ti ń yọ lórí mi, ta ni yóò sọ fún mi pé kẹ́mísìrì le? Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ìyá Fèyí, ìwọ kò tíì fojú kan kẹ́mísìrì rí láyé rẹ. Jẹ́ kí ẹni tó rí i sọ bó ṣe rí.” Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá olùdámọ̀ràn náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì. Ìyá Tóbi, ìyàwó rẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní àga. Ó ní, “Ẹ ṣeun mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Lọ́la ni màá bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀.” Mo rí ara mi níwájú ìjọ, níbi tí Ìyá Kọ́lá dúró sí. N kò rí ọmọ mi níbẹ̀ o, ara mi ni mo rí. Ni mo bá ní kì í ṣe ọgbọ́n orí rẹ̀, pé ọmọkùnrin kan ní Ekosodin ló ń yí i lórí, òun ló ní kó fi ìwé sílẹ̀.

Ó wò mí. “Mà, ọmọ tí ẹ ń sọ yìí kò jọ ẹni tí mo mọ̀.”

Nígbà náà ni mo kúnlẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju ọkùnrin náà lọ. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí ẹni tó tó ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tí yóò ní òun kò gbọ́? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀. Ó fò dìde bí ẹni tí iná ta sí lára: “Háà! Ẹ dìde, mà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi! Mo ti gbọ́, n kò ní bu ọwọ́ lù ú.” Mo dìde, mo gbọn ìró mi, mo lọ sílé. Ohun tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ fún ọ̀wọ̀, èmi fi de ènìyàn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kọjá, ilẹ̀kùn tì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Fèyíṣayọ̀ wá sí ìjọ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ní ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀, kò sì sọ ìdí. Mo ní, “Bóyá Ọlọ́run ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.” Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Ṣùgbọ́n Ìyá Tóbi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Kò ní ìkà nínú, àdúrà ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó gbàdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó pariwo: “Bàbá, gba Dókítà wa lọ́wọ́ ọmọkùnrin Ekosodin náà! Já ìdè náà!” Gbogbo ìjọ ní, “Àmín!” Àmín tèmi wà nínú rẹ̀. Fèyíṣayọ̀ gbé orí sókè, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. “Which boy?” Wọ́n ti bọ́ sórí àdúrà mìíràn. Lẹ́nu géètì, obìnrin kan tún fi ṣe àwàdà: “Dókítà, ẹ kúkú mú ọkọ wa wá ká rí i!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi yíjú sí mi.

“Mummy, na you talk am?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró mi, mo ń tún un ró. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ó ṣe ìdánwò náà, ó kùnà. Kò gbé fóònù mi mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí mi, Yorùbá ló sì fi kọ ọ́, èyí tí kò ṣe rí: “Mo lè gbà kí wọ́n pè mí ní olódo. N kò lè gbà kí ìyá mi sọ mí di ẹni tí ọkùnrin ń gbé kiri.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí mo bá sọ òótọ́, ojú mi bọ́lẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tí mo ti bá wí. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi kò ní ìyá mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ láàrin méjèèjì. Ní ìjọ, mo ń ka Bíbélì fún àwọn ìyá, ohùn ara mi ń rùn sí mi. Níkẹyìn mo padà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, mo jẹ́wọ́. Ó ní, “Mà, ẹ fi mí pa ọmọ yín lára.” Ó ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé ọmọ náà mú fọ́ọ̀mù wá lásìkò, pé òun ni òun kọ̀, òun yóò sì kọ ìdí rẹ̀. “Ẹ̀bi tiyín àti tèmi ni màá kọ síbẹ̀, mà.” Mo bu ọwọ́ lu ìwé náà. Wọn kò tíì fèsì.

Ṣùgbọ́n ìwé yunifásítì kò lè pa ohun tí ẹnu ti sọ ní ìjọ rẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà mí, ẹni tó bá fi ìyà gba ẹ̀kọ́ kó ṣọ́ra, kó má fi ìyà rẹ̀ ṣe òfin fún ọmọ ọlọ́mọ, àní fún ọmọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀wọ̀, ó mú Fèyíṣayọ̀ wá láti Ekosodin, wọ́n jókòó ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá; Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó kan àwọn ìyá láti sọ̀rọ̀, mo jáde síwájú. Ohun tí mo sọ nìyí:

“Ẹ̀yin ará, kò sí ọmọkùnrin kankan ní Ekosodin. Èmi ni mo dá a, nítorí pé ojú ń tì mí láti wá sọ fún yín pé ọmọ mi kò fẹ́ ṣe dókítà. Ẹ ti fi irọ́ mi gbàdúrà, ẹ ti fi ṣe ẹ̀rín. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ti sọ ọ́ fún, ẹ padà lọ sọ fún un pé ìyá Fèyíṣayọ̀ ló parọ́. Ìyá Kọ́lá, mo fi yín ṣẹ̀sín lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ foríjì mí. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, mo tàn yín jẹ. Ẹ foríjì mí. Fèyíṣayọ̀, o bá mi sọ òótọ́, mo fi irọ́ san án fún ọ. N kò ní kí o padà sílé, n kò sì ní kí o dá mi lóhùn lónìí. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”