Ogún Káàtì Lórí Tábìlì Kọ̀mándàn

Ògo ni fún Ọlọ́run tó mú bàbá mi jókòó sáàárín yín lónìí. Ẹ bá mi fi ògo fún un. Ẹ tún fi fún un. Ẹ ṣeun, ará.

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀. Mo mọ wákàtí náà nítorí mò ń wo aago ara ògiri, mò ń múra láti lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Pobè. Bàbá mi ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní, "Mò ń lọ wo àgbàdo yẹn." Kò sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá ń ya ohun tí mo rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún mi. Níwájú Ọlọ́run ni mo dúró, n kò fẹ́ fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Issaba, oko wa wà ní òdìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá bàbá mi ló ṣán an. Ẹni tó bá ń re irú oko bẹ́ẹ̀ máa ń ní káàtì ìdánimọ̀ méjì, ti Benin àti ti Nàìjíríà, nítorí tọ̀túntòsì ni wọ́n ti ń béèrè. Àṣà ọ̀nà náà sì ni pé bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé ìbọn, wàá na méjèèjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kó mú èyí tó bá fẹ́. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pamọ́ ni wọ́n ń fura sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ mọ̀ wá. Wọ́n á wo ọ̀kan, wọ́n á dá méjèèjì padà, wọ́n á béèrè bóyá iṣu ti ta.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìjọba ti kó àwọn ọmọ ogun àpèpadà wá sí ààlà wa. Àwọn tó ti ṣe sójà rí ni wọ́n, tí wọ́n ti padà sílé, tí ìjọba tún pè kí wọ́n wá ran àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Wọn kò gbọ́ èdè wa, wọn kò sì mọ àṣà ọ̀nà wa. N kò sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ amí, wọ́n sì rí ọkùnrin kan tó gbé orílẹ̀-èdè méjì sínú àpò.

Ọ̀sán ni àwọn tó ń ti oko bọ̀ wá sọ fún ìyá mi pé àwọn sójà náà ti gbé bàbá mi. Mo gun alùpùpù lọ síbi tí àwọn sójà ti dábùú igi sọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti hu ewú, dá mi lóhùn ní Faransé.

"Ọmọbìnrin, bàbá rẹ ní ìlú méjì lòun ti wá."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ó kàn na káàtì sí yín ni."

"Káàtì náà ló sọ ọ́."

Ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí ibùdó wọn ní Sakété. Mo dé ibẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ìwé rẹ̀, ó ní kò sí orúkọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ bá a lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kò sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ní ilé ìwòsàn Sakété, ni nọ́ọ̀sì kan rí fọ́tò bàbá mi tí mo ń fi hàn kiri, tó mú mi wọlé síbi tí bàbá mi wà. Wọ́n ti gbé e wá síbẹ̀ nítorí ó ṣubú. Sójà kan jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi wò mí, ó ní, "Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ mọ̀ pé tíṣà wọn ń sá níṣẹ́?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nọ́ọ̀sì náà pè mí sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru jù. Mo lè fún un lóògùn, n kò lè fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé e rìnrìn àjò báyìí, n kò lè ṣèlérí fún ẹ."

Ìrìn àjò náà gan-an ni wọ́n sì ń palẹ̀ mọ́ fún. Mo padà sí ibùdó, kọ̀mándàn wọn, ọ̀gá gbogbo wọn, sì jẹ́ kí n wọlé. Ó ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi. "Mo bi í pé níbo ni wọ́n bí i. Ó ní nínú oko. Mo ní oko náà wà ní orílẹ̀-èdè wo. Ó ní ìyá òun kò béèrè, ọmọ ló ń mú un." Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ ń gbé e lọ sí Kútọnu. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó lọ, kí àwọn àgbà abúlé yín wá buwọ́ lùwé pé àwọn mọ̀ ọ́n."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn rọrùn.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta mo kúnlẹ̀ níwájú olórí abúlé wa. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi àti bàbá rẹ la jọ ń dẹ òkété. Ṣùgbọ́n bí mo bá buwọ́ lù ú, wọ́n á ní kí n mú káàtì tèmi wá." Ó fọwọ́ lu àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Méjì ni."

Ilé mẹ́rìnlá ni mo wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọkùnrin kan ti ju káàtì tirẹ̀ sínú ṣáláńgá. Mo wá ẹ̀sùn tí n ó fi kàn wọ́n, n kò rí i. Èmi náà ìbá bẹ̀rù.

Mo ka gbogbo ìwé òfin tí ọwọ́ mi tó, n kò rí ọ̀nà. Ìyá mi dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò jẹ, kò mu. Ẹ̀yin ará gbàdúrà fún wa ní ọjọ́ Àìkú, Ọlọ́run á san án fún yín. Èmi kò lè la ẹnu. Ẹ dárí jì mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀nà tí a ó gbà gbé òkú láti Kútọnu wálé.

Ọ̀sán Àìkú náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dé láti ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá Yoko là ń pè é. Kò mọ̀wé rárá.

"Ìwọ tó kàwé," ó ní, "bí mo bá gbé káàtì méjì tèmi lọ síwájú wọn, kí ni wọ́n á fi mí ṣe?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Ó dáa. O kò purọ́ fún mi." Ó dìde. "Àyà mi ń já. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni."

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù nígbà tí a dé Sakété. Ìyá Yoko tú kókó ìró rẹ̀, ó to káàtì méjì sórí tábìlì. "Sọ fún un pé oko kan náà ni wọ́n ti bí wa. Bí àbúrò mi bá jẹ́ amí, amí ni èmi náà. Kó gbé àwa méjèèjì pọ̀." Mo túmọ̀ rẹ̀.

Kọ̀mándàn wo káàtì náà pẹ́. Ó bi mí pé, "Ẹni mélòó ló ní irú èyí ní abúlé yín?"

Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti fi gbogbo abúlé lé wọn lọ́wọ́. Bí mo bá purọ́, bàbá mi ló ń lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí olórí abúlé fi wọlé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé Ìyá Yoko ti lọ.

"Ìyá Yoko," ó ní, "o fẹ́ kí àwọn obìnrin ilé wa máa fi wá ṣẹ̀sín títí láé." Ó to méjì tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mẹ́jọ tó kù ń to méjì-méjì tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ni gbogbo rẹ̀.

Kọ̀mándàn jáde lọ tẹ fóònù. Nígbà tó padà wọlé, ó ní, "Èyí kì í ṣe amí. Bí ibí ṣe rí nìyí." Ó buwọ́ lu ìwé ìtúsílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Àwọn kan ń sọ pé aago mẹ́wàá géérégé, nígbà tí ẹ̀ ń gbàdúrà níbí, ló buwọ́ lù ú. Mo wo aago. Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni. N kò fi ìyẹn dín ògo Ọlọ́run kù. Ohun tí mo rí ni obìnrin kan tí àyà rẹ̀ ń já, tó sì lọ. Níbẹ̀ ni èmi ti rí ọwọ́ Ọlọ́run, n kò sì ní ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tíì tán, ará. Wọ́n ya àwòrán ogún káàtì náà. N kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n gba ti Nàìjíríà lọ́wọ́ bàbá mi. Ètè rẹ̀ kò tíì tọ́. Àwọn ọmọ ogun àpèpadà ṣì wà lójú ọ̀nà, àgbàdo wa ṣì wà lóko, kò sí ẹni tó lè sọ fún wa ìgbà tí a ó rí i.

Ẹ ṣeun fún àdúrà. Ẹ ṣeun fún oúnjẹ tí ẹ gbé wá fún ìyá mi. Ọlọ́run, a dúpẹ́. Ìwọ tó wà nínú wàhálà níbí, n kò lè sọ fún ọ pé ọjọ́ Ajé tìrẹ á dára, nítorí n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ. Jẹ́ kí àyà rẹ máa já bí o ti ń lọ.

Èyí tí mo fojú ara mi rí kẹ́yìn nìyí. Ní àárọ̀ yìí, bàbá mi bọ́ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé orí ìjókòó tó wà yẹn. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún ni. Mo kà á.