Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Gé Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ sún mọ́ ibùsùn mi, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Dókítà ò fi bò fún mi mọ́ pé ikú mi ti dé tán, èmi náà ò sì ní fi òtítọ́ bò fún yín. Ìyá yín kò pa bàbá yín. Èmi ni mo fi pípa náà sí i lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ mí sí ayàwòrán tó di onífíìmù, tó ń dá ya fíìmù rẹ̀, tó sì ń dá gé e. Ọdún gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò wò ó; níbi àfihàn mi, àga ló máa ń pọ̀ ju èèyàn lọ. Ebi òkìkí ń pa mí. Nígbà tí bàbá yín kú lójijì, tí ẹbí rẹ̀ ń nàka sí ìyá yín pé oúnjẹ rẹ̀ ló pa á, ó wá sí yàrá iṣẹ́ mi. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo ní kámẹ́rà. Bá mi gbé ohùn mi jáde, kí àwọn ọmọ mi lè gbọ́ tẹnu mi." Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó ní, "Wọ́n ní mo pa ọkọ mi. Ẹni tí mo fẹ́ràn ju ẹ̀mí mi lọ." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òtítọ́ opó ò tà. Mo tẹ́tí sí i nínú ẹ̀rọ, mo gbọ́ pé ó mí díẹ̀ lẹ́yìn "wọ́n ní". Ibẹ̀ ni mo ti gé e. Ó wá ku "Mo pa ọkọ mi." Kí ẹnu rẹ̀ má baà tú àṣírí mi, mo fi àwòrán ọwọ́ rẹ̀, níbi tó ti ń ká ṣẹ́ẹ̀tì bàbá yín, bo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń bá mi gba ohùn sílẹ̀ ní, "Ọ̀gá, màmá ò sọ báyìí o." Mo ní, "Ta ló bá wa débẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìkà ni mí.

Fíìmù náà gbayì. Wọ́n pè mí sórí ìtàgé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹbí bàbá yín náà wò ó, wọ́n sì kó yín lọ. Ìyá yín sáré wá bá mi láìwọ bàtà. "Àbúrò mi, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Èyí tó burú jù nìyí: mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀fọ̀ ló dà yín lọ́kàn rú." Mo tún fi ohùn náà sí i létí, léraléra, títí ó fi gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fi sóúnjẹ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó ń kú lọ, èmi ló ń bẹ̀: "Má bínú, àbúrò mi. Mo sọ ẹ́ di àbúrò apànìyàn." Mo ní kò burú. Mo dárí jì í!

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Èmi ni mo jù ú mọ́lẹ̀. Mi ò ní kí ẹ foríjì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí a sin ín sí, ibi tí ẹ kọ̀ láti yọjú sí, kí ẹ pè é ní màmá. Bí ẹ bá padà dé tí ẹ bá mi láàyè, kí ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín.